Àpáàdì Nínú Irin

Ṣúáíbù ẹlẹ́rọ, ará Òkèlele,
ló gbé àwo ẹ̀rọ ìlọta méjì wá bá mi nínú àpò sìmẹ́ńtì.
Eyín wọn ti jẹ tán, wọ́n ń dán bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó.
"Oṣù mẹ́ta péré," ó ní.
"Ibo ni irin yẹn gbà lọ, Sáfúrátù?
N kò tà á. Ẹnikẹ́ni kò jí i."
N kò dá a lóhùn.
Mo mọ ibi tó gbà lọ:
gbogbo àdúgbò ti bá àkàrà àárọ̀ gbé e mì.

Ní yàrá iṣẹ́ wa ní Tanke, mo yọ́ irin.
Mo bu lẹ́búlẹ́bú funfun sí i,
ọmọ ìyá amọ̀ tí kò bẹ̀rù iná mọ́,
ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ojúkòkòrò ni.
Àwo náà jáde, ó le,
ó le débi pé fáìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ó bọ́ lọ́wọ́ mi,
ó fọ́ sí mẹ́rin lórí ilẹ̀ bí abọ́ tánganran.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo lọ kí Ìyá Àgbà.
Ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀,
ó jókòó ti odó, ó ń gún ìkòkò tó ti fọ́.
Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ariwo yẹn
tí n kò bi í léèrè.
Ó ní: "Amọ̀ tó bá dá wọ iná, lílà ló ń là.
Èyí tó ti jóná rí ni mo fi ń sìn ín lọ.
Ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ méjì sí apẹ̀rẹ̀ kan.
Bó bá pọ̀ jù, wọn kò ní dì mọ́ra,
wọ́n á máa wo ara wọn bí àlejò.
Má sì jẹ́ kí wọ́n kóra jọ sójú kan."

Mo padà sídìí èyí tó fọ́.
Mo gé e, mo dán an títí mo fi rí ẹyinjú mi nínú rẹ̀,
mo fi ásíìdì tọ́ ọ lójú,
mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ eruku di òkè.
Ìlú kan ló wà níbẹ̀:
hóró irin bí agboolé,
ààlà wọn tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn.
Àwọn àlejò funfun kóra jọ sí ìkóríta,
ihò dúdú láàrin wọn.
Ibẹ̀ ni ìlà fífọ́ ti gbéra,
láti ihò dé ihò,
bí ẹni ń fi òkúta sọdá odò Asà lẹ́ẹ̀rùn.

Mo dín in kù sí ìdá mẹ́fà.
Mo kọ́kọ́ yan lẹ́búlẹ́bú náà kó gbẹ.
Iná ọba lọ bí irin ṣe fẹ́ yọ́. A tún bẹ̀rẹ̀.
Iná ọba tún lọ.
Lóru ọjọ́ kẹta, mo rò ó, mo rò ó, apá ro mí,
mo dà á, mo rì í bọ epo,
ó kígbe bí ìkòkò Ìyá Àgbà
nígbà tó bá ti inú iná bọ́ sínú omi èèpo irúgbá.

Dáyámọ́ńdì tẹ̀ ẹ́; ojú àpá náà kéré.
Òòlù fì wá látòkè, ó gbá a:
ó tẹ̀ díẹ̀ kó tó já.
Díẹ̀ yẹn ni mo ń wá láti ọjọ́ yìí.
Òkúta le. Awọ ló yi.
Ta ni yóò bá mi mú àwọn méjèèjì sùn sórí ẹní kan?

Ṣúáíbù lò ó fún oṣù méje.
Ní ìkẹjọ ó gbé e dé, etí kan ti ṣí.
"Kò burú," ó ní, "ṣùgbọ́n kò tíì tó."
Òótọ́ ni.

Èyí tó fọ́ sí mẹ́rin ńkọ́?
Ìyá Àgbà tọrọ ẹyọ kan, ó jù ú sódó.
Odó là.
Ó fi ṣe ọmọrí orí ìkòkò omi rẹ̀,
kò sì dárí ji mi nítorí odó.